Owó Àtijọ́ ní Ọjà Tuntun: Mo Tún Àṣùwàdà Kà



Ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ nígbà kan, tí òun náà ti di olùkọ́ báyìí, pè mí lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní òun fẹ́ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun ní èrò Akinsola Akiwowo lórí àṣùwàdà, kí n jọ̀wọ́ rán òun létí ohun tí mo máa ń sọ nípa rẹ̀ ní kíláàsì. Mo wá ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ jáde, mo gbọn eruku orí rẹ̀, mo kà á. Ká sọ tòótọ́, ojú tì mí díẹ̀. Ohun tí mo kọ́ yín lórí bí ìṣe ẹnìkọ̀ọ̀kan ṣe so mọ́ ètò àwùjọ, mi ò lè dúró lẹ́yìn ìdajì rẹ̀ mọ́. Kì í ṣe ìwé tuntun kan ló yí mi lérò padà. Ọjà Tuntun wa níbí ní Ìlọrin ni, ní oṣù Kejì àti oṣù Kẹta ọdún 2023, nígbà tí náírà di ohun tí à ń wá kiri bí ẹran tó já.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fún Akiwowo ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ àwùjọ ni ní Yunifásítì Ifẹ̀, nígbà tí a ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀. Nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àkànṣe rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1983, ọ̀rọ̀ méjì ló fi ṣe ìpìlẹ̀: àjọbí àti àjọgbé. Ẹ̀jẹ̀ ló so ti àkọ́kọ́ pọ̀, ibùgbé ló so èkejì. Ní 1986, nínú ọdún àkọ́kọ́ ìwé àtìgbàdégbà International Sociology, ó gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú sí i. Ó mú ewì àbáláyé kan tó sọ nípa ìṣẹ̀dá, ó tú u palẹ̀, ó sì fa àbá ìmọ̀ àwùjọ yọ nínú rẹ̀. Ìgboyà ńlá nìyẹn. Ọ̀pọ̀ wa nígbà náà, tá a bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa Yorùbá, àpẹẹrẹ la máa ń mú wá láti ilé, àbá á wá láti ìlú òyìnbó. Akiwowo ní rárá, àbá náà lè ti ilé wá.

Ẹ tú ọ̀rọ̀ àṣùwàdà fúnra rẹ̀ wò, ẹ ó rí ṣù, ẹ ó rí ìwà, ẹ ó rí dá. Ohun tí a dá, a dá a pé kó ṣù jọ ni. Bí mo ṣe lóye rẹ̀, ohun tó ń sọ ni pé ìwà ẹnìkọ̀ọ̀kan ni ẹyọ tí àwùjọ fi bẹ̀rẹ̀, ẹnìkọ̀ọ̀kan ló sì ní ẹ̀mí tirẹ̀ tí kò jọ ti ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n kò sí ìwà tó lè dá wà láìsí ẹgbẹ́. Lórí ìyẹn ló ti wá sọ gbólóhùn tó le jù nínú iṣẹ́ rẹ̀: ẹni tó bá ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ nítorí ire tara rẹ̀ nìkan ti ṣìnà, ẹni tó jẹ́ ènìyàn gidi ni èyí tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ tó sì ń fi nǹkan tirẹ̀ sílẹ̀ kí ẹgbẹ́ lè dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn, a máa padà síbẹ̀.

Ó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ kí àwọn ènìyàn máa fi òwe kan ṣoṣo, pé igi kan kì í dá igbó ṣe, rọ́pò gbogbo iṣẹ́ ọkùnrin yìí. Tó bá jẹ́ òwe ni, kí ló dé tí Makinde fi kọ èsì ní 1988, tí Lawuyi àti Táíwò tún fi kọ tiwọn ní 1990, nínú ìwé kan náà? Àwọn yẹn mọ̀ pé àbá ni wọ́n ń bá jà. Wọ́n yẹ àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n béèrè bóyá irinṣẹ́ tó ṣeé mú dání ni. Ìjà náà dára, mo sì fẹ́ràn láti máa kà á. Èmi fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́jà.

Ohun tí mo kọ́ yín rèé. Mo ní Akiwowo àti Anthony Giddens ń sọ ohun kan náà, pé èdè ló yàtọ̀. Nínú ìwé tí Giddens tẹ̀ jáde ní 1984, ó ní ètò àwùjọ kì í ṣe ògiri tó dúró níta ara wa. Ètò ni ohun tí a fi ń ṣe nǹkan, òun kan náà ló sì tún ń jáde látinú ohun tí a ṣe. Mo máa ń fi ìnájà ṣe àpẹẹrẹ, ẹ rántí? Mo ní bí ẹ bá ń ná ata, ẹ̀ ń lo òfin ìnájà tí ẹ bá nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà lẹ sì ń tún un dá. Bí gbogbo yín bá dẹ́kun ìnájà lọ́la, kò sí òfin ìnájà mọ́. Ẹ máa ń rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, a ó kọjá sí orí tó kàn. Mo ní àwọn ènìyàn ló ń dá ètò, nítorí náà wọ́n lè tún un dá. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu.

Ó wá di oṣù Kẹwàá 2022. Ní ọjọ́ 26 oṣù náà ni Godwin Emefiele, tó jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀ nígbà náà, kéde pé wọ́n máa pààrọ̀ igba náírà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà àti ẹgbẹ̀rún kan náírà. Ó ní nínú tírílíọ̀nù 3.23 náírà tó wà nínú ìlú, tírílíọ̀nù 2.73 ni kò sí nínú àpótí báńkì kankan. Wọ́n gbé owó tuntun jáde, wọ́n dá ọjọ́ 31 oṣù Kìíní 2023 fún èyí tó ti gbó, wọ́n tún sún un sí ọjọ́ 10 oṣù Kejì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, kò sí ẹni tó máa sọ ọ́ fún yín. Gbogbo wa la tò. Gbogbo wa la fi owó ra owó lọ́wọ́ oní-POS. Èmi fúnra mi san ẹgbẹ̀rún méjì náírà kí wọ́n tó ka ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lé mi lọ́wọ́, mo sì dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe inú oṣù Kejì ni ẹ̀kọ́ mi wà. Ìgbà yẹn ìjọba ní owó àtijọ́ ti kú, àwọn ènìyàn ò sì gbà á, kò sí àdììtú níbẹ̀. Inú ọjọ́ mẹ́wàá kan ló wà, láti ọjọ́ 3 sí ọjọ́ 13 oṣù Kẹta. Ní ọjọ́ 3, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé owó àtijọ́ ṣì jẹ́ owó, títí di ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún náà. Òfin ti sọ̀rọ̀. Kò sí ilé ẹjọ́ míì tí èèyàn lè gbé e lọ. Mo wá kó owó àtijọ́ tó kù nílé, mo wọ aṣọ, mo lọ sí Ọjà Tuntun pẹ̀lú ìgboyà ẹni tó ń tẹ́tí sí rédíò.

Aláta tí mo máa ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ ti tó ogún ọdún nídìí àtẹ yẹn. Mo na ẹgbẹ̀rún kan náírà àtijọ́ sí i. Kò tilẹ̀ wò ó.

Mo ní, "Àlàájà, ẹ ò gbọ́ ohun tí ilé ẹjọ́ wí ni?"

Ó ní, "Bàbá, mo gbọ́. Ṣé ẹni tó ń já ata fún mi gbọ́?"

Mo ní, ṣé kò gbọ́ ni? Ó ní ó gbọ́, ó ní onímọ́tò tó ń kó ata bọ̀ láti òkè Ọya ò gbà á. Onímọ́tò ní elépo ò gbà á. Elépo ní báńkì ò gbà á. "Báńkì ńkọ́?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin lẹ kàwé, Bàbá. Ẹ lọ bi wọ́n."

Mo káàkiri ọjà náà lọ́jọ́ yẹn bí ẹni tó ń ṣe ìwádìí, torí ìwádìí náà ni mo ti ń ṣe. Mi ò rí ẹnì kan tó sọ fún mi pé owó àtijọ́ kì í ṣe owó. Gbogbo wọn gbà pé owó ni. Gbogbo wọn ni ì bá gbà á, tí wọ́n bá mọ̀ pé ẹni tó kàn máa gbà á. Ẹ ro ó wò: ọjà tó kún fọ́fọ́, tí olúkúlùkù inú rẹ̀ fẹ́ ohun kan, tí gbogbo wọn lápapọ̀ sì ń ṣe òdì kejì rẹ̀.

Ibẹ̀ ni àpẹẹrẹ ìnájà mi ti wó lulẹ̀. Émile Durkheim ti mú owó ṣe àpẹẹrẹ láti 1895, ó ní owó tí mo fi ń san gbèsè mi kì í ṣe èmi ni mo dá a, yóò sì máa ṣiṣẹ́ bóyá mo lò ó bóyá mi ò lò ó. Mo máa ń ka ibẹ̀ fún yín kíákíá, mo máa ń sọ pé Durkheim le jù, ó sọ èèyàn di ọmọlangidi. Ṣùgbọ́n aláta yẹn kì í ṣe ọmọlangidi. Ó ronú jù mí lọ. Ó mọ gbogbo okùn náà, láti orí àtẹ rẹ̀ dé ilé epo dé báńkì, ó sì mọ ibi tí òun wà lórí rẹ̀. Òye rẹ̀ ló so ó lọ́wọ́. Kódà, ó ti gbìyànjú rẹ̀ rí: nínú oṣù Kejì, ó ṣàánú oníbàárà kan, ó gba ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náírà àtijọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi ọjọ́ méjì tò síbi tí wọ́n ti ń gbà á. Ọjọ́ méjì láìtajà. Ata ò sì dúró dè é, ata ń jẹrà. Giddens máa sọ pé ó ní agbára láti ṣe bí kò ṣe ṣe. Òótọ́ ni, ó ní in, ó tilẹ̀ lò ó. Ètò ò mira. Òun nìkan ló san owó rẹ̀.

Ẹ wá wo bí ó ṣe parí. Ní alẹ́ ọjọ́ 13, Báńkì Àpapọ̀ gbé ìwé kékeré kan jáde pé kí àwọn báńkì tẹ̀lé ìdájọ́ ilé ẹjọ́. Mo padà lọ sí Ọjà Tuntun. Aláta gba owó mi, ó tilẹ̀ fún mi ní ṣéńjì owó àtijọ́. Ẹ̀gbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún ènìyàn ò lè ṣe é lọ́jọ́ mẹ́wàá. Ìwé ọ́fíìsì kan ṣoṣo ṣe é.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, mo gba gbólóhùn mi padà. Pé "àwọn ènìyàn ló ń dá ètò" kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò tíì sọ nǹkan kan. Ènìyàn wo? Ibo ló dúró sí? Èló ni yóò ná an bó bá gbìyànjú? Ìṣe aláta àti ìṣe gómìnà báńkì, ìṣe ẹnìkọ̀ọ̀kan ni àwọn méjèèjì. Ti ọ̀kan ń yí ohun tí gbogbo ayé ń retí padà kí ilẹ̀ tó mọ́, ti èkejì ń jẹ èrè ọjọ́ méjì. Àbá tó bá pe méjèèjì ní "ìṣe" tó sì kọjá lọ ti fi ohun tó yẹ kó wádìí sílẹ̀.

Margaret Archer ràn mí lọ́wọ́ ju Giddens lọ níbí, mo sì gbà pé mi ò fún un ní ààyè tó yẹ ní kíláàsì. Nínú àròkọ rẹ̀ ti 1982 tó fi ta ko Giddens, ó mú Cuba ṣe àpẹẹrẹ. Ìjọba Castro fẹ́ kí gbogbo ènìyàn mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Bí ó ṣe máa yá tó wà lọ́wọ́ iye àwọn tó ti mọ̀wé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, iye yẹn sì jẹ́ ogún láti ìgbà tí ó ti kọjá. Kò sí ìtara tó lè sọ ọ́ di ìlọ́po méjì láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́. Ètò ti wà kí oníṣe tó dé. Ẹ wo orúkọ ọjà wa gan-an: ó ti pẹ́ gan-an tí Ọjà Tuntun ti kúrò ní tuntun. Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ fi yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ọjà tó ti wà ṣáájú rẹ̀ ni, wọn ò sì bi wá. Ẹni tó bá fẹ́, kó lọ sọ fún ọlọ́kadà pé kó gbé òun lọ sí Ọjà Àtijọ́, kó wo ibi tí wọ́n máa já a sí.

Ó wá ku Akiwowo. Mo ní kí ẹ fi gbólóhùn kan sọ́kàn, pé ẹni tó ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ nítorí ire tara rẹ̀ ti ṣìnà. Ní Ọjà Tuntun, láàárín ọjọ́ mẹ́wàá yẹn, tani ó ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀? Lójú oníbàárà tí ebi ń pa, aláta tó kọ owó ni. Mo gbọ́ èpè tí wọ́n ṣẹ́ fún un. Mo gbọ́ tí bàbá kan ní àwọn obìnrin ọjà ò ní ìwà. Ẹ rí i, ìwà. Ọ̀rọ̀ tí Akiwowo fi ṣe ìpìlẹ̀ gan-an ni bàbá yẹn fi ń lù ú. Ìdí tí mo fi sọ pé àbá náà kù díẹ̀ káàtó nìyẹn. Ó rí ṣíṣùjọ, kò rí àtẹ̀gùn tó wà nínú ìṣùjọ náà, pé àwọn kan wà lókè tí ohùn wọn ń rìn, àwọn kan wà nísàlẹ̀ tí tiwọn ń kú sí ẹnu. Tí kò bá sí àtẹ̀gùn yẹn nínú àbá, gbogbo ohun tí ètò bá bàjẹ́, ìwà ẹnì kan la máa di ẹ̀bi rẹ̀ lé, ẹni tó sì súnmọ́ wa jù la máa di í lé. Ẹni tó fa ọ̀rọ̀ náà ò sí nítòsí ká tó lè ṣẹ́ èpè fún un.

Mo ti fẹ́ dúró síbẹ̀ yẹn nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ èyí. Ó dára tó, ó tún mú ọgbọ́n dání. Ṣùgbọ́n ohun méjì ò jẹ́ kí n sùn.

Àkọ́kọ́ ni ìwé àwìn. Aláta yìí ní ìwé kan tí ó fi ń kọ orúkọ àwọn tó gbé ata láìsanwó ní oṣù Kejì àti oṣù Kẹta. Ọmọ rẹ̀ ló ń bá a kọ ọ́. Mo wò ó, ó lé ní ojú ewé mẹ́rin. Èwo nínú Giddens, Durkheim àti Archer ló máa ṣàlàyé ìwé yẹn fún mi? Owó kú, ọjà ò kú, torí pé àwọn ènìyàn mọ ara wọn. Àwọn tó wà nínú ìwé náà kì í ṣe ẹbí rẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ jẹ́ Íbò, àwọn kan Nupe. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni pé wọ́n ti jọ wà lójú kan pẹ́. Àjọgbé nìyẹn, bí Akiwowo ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Mo lo ọgbọ̀n ọdún láti kọ́ àwọn ènìyàn ní àjọgbé, ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i tí ó bọ́ ilé.

Èkejì rèé, mi ò fẹ́ kọ ọ́. Ní ọjọ́ bíi kẹfà nínú ọjọ́ mẹ́wàá yẹn, mo wà nídìí àtẹ náà, ọmọbìnrin kan dé. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, káàdì ilé ìwé rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ra ata àti tòmátì ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ náírà, ó ṣe tiransífà. Fóònù tirẹ̀ ní wọ́n ti yọ owó náà. Fóònù aláta ò dún. A dúró. Kò dún. Ọmọ náà na fóònù rẹ̀ sí wa, ó ní, "Ẹ wò ó mà, ẹ wò ó, wọ́n ti yọ ọ́." Aláta ní, "Ọmọ mi, mo rí i. Èmi ni mi ò tíì rí tèmi." Ó tú ata náà padà sórí àtẹ, jẹ́jẹ́. Kò bú u. Wọ́n ti fi irú rẹ̀ gba ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yẹn. Ọmọ náà dúró díẹ̀, ó bojú wò mí, ó lọ.

Kò pẹ́ sí i, aláta kọ orúkọ èmi sínú ìwé, ó di ata fún mi láìgba kọ́bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi àbá mi tuntun yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀bi ta ni? Ti ètò tiransífà tó kún ju agbára rẹ̀ lọ ni, ti àwọn tó pààrọ̀ owó láìpèsè tó ni, kì í ṣe ti aláta, torí ibi tó dúró sí. Gbogbo rẹ̀ péye. Ó péye débi pé ó gbé èmi náà kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo wà níbẹ̀. Mo ní owó ní báńkì. Obìnrin náà mọ̀ mí, ìwé rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún mi. Gbólóhùn kan, "Àlàájà, ẹ kọ ọ́ sí tèmi," kò ní ná mi ju ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ lọ, ọmọ náà á sì jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mi ò sọ ọ́. Kí ló dé? Mò ń kíyè sí i ni. Mò ń rò ó pé àpẹẹrẹ dáadáa nìyí.

Ibẹ̀ ni Akiwowo ti mú mi. Gbólóhùn rẹ̀ tí mo sọ pé ó ṣẹ aláta níyà, ó bá èmi mu wẹ́kú. Torí náà mi ò lè sọ ọ́ nù. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ohun tí mo béèrè lọ́wọ́ Giddens: ta ni ò ń bá wí, ibo ló dúró sí, èló ni yóò ná an? Aláta, ó máa ná an ní ọjà rẹ̀. Èmi, kò lè ná mi ní nǹkan kan. Nígbà tí ohun tí ìṣe máa ná èèyàn bá pọ̀, ẹ wá ètò. Nígbà tí kò bá tó nǹkan, ẹ wá ìwà. Mi ò tíì rí ẹni tó kọ àbá tó máa sọ fún wa ibi tí ààlà méjèèjì wà gan-an, mo sì rò pé inú àṣùwàdà ni a ti lè kọ ọ́, tí ẹnì kan nínú yín bá ní sùúrù láti kó àtẹ̀gùn wọ inú rẹ̀. Ẹni tó pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìwọ ni mò ń bá wí. Má fi ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kọ́ wọn.

Mo san gbèsè ata mi ní ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù náà. Aláta ní kí ọmọ rẹ̀ fa ìlà sórí orúkọ mi. Mo bi í léèrè ọmọbìnrin ọjọ́ yẹn, bóyá ó padà wá. Ó ní álẹ́ẹ̀tì owó náà wọlé lọ́jọ́ kejì, ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ pé, ó sì ti di ata rẹ̀ sọ́tọ̀ títí ó fi bàjẹ́. Ó ti di òmíràn. Kò mọ orúkọ rẹ̀ ni.